Àgbálùmọ̀ Inú Ike Ọ̀dà

Tí wọ́n bá bi mí ní Bàrígà pé níbo ni mo ti wá, tí mo bá dáhùn pé Kétu ni, wọ́n á ní, "Kétu níbí? Ẹ ò mà jìnnà sílé." Kétu ti Èkó ni wọ́n rò pé mò ń sọ, èyí tí èèyàn lè wọ bọ́ọ̀sì lọ láàárọ̀, kó lọ ra tòmátì, kó sì ti sè é kí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Kétu tèmi wà níhà Kùtọnu, lẹ́yìn ibodè, níbi tí àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ìjọba ti ń wo ẹrù èèyàn bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Tí mo bá ṣàlàyé tán, ojú wọn á yí padà. "Háà! Àgànyìn ni yín!" Wọ́n á wá máa wo ẹ̀yìn mi bóyá mo gbé ìkòkò ẹ̀wà pamọ́ síbẹ̀.

Èmi kì í ṣe Àgànyìn. Yorùbá ni mí, tìyá tìyá, tìbàbá tìbàbá, mi ò sì mọ ẹ̀wà sè débi tí èèyàn á fi rà á. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Gbogbo ẹni tó bá ti òdìkejì ibodè wá, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pè wá.

Ohun tó kọ́kọ́ gbá mi lójú nìyẹn. Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ ni, ǹ bá ti mọ̀ kí n tó dé pé àjèjì ni mí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè mi ni mo rò pé mò ń bọ̀. Mo la ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní Fọlá Àgòrò ní kí n tún "ẹ kú àárọ̀" kí òun, nítorí kí ọmọ òun lè gbọ́ bí mo ṣe ń fà á. Mo tún un kí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Tiwọn náà kúkú ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí Yorùbá wọn, ìdajì rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Èèyàn á ní òun ti dé ibẹ̀ "bìfọ́ọ̀ ẹ," kó sì gbójú sókè pé Yorùbá gidi lòun ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn pọ̀ ju tèmi lọ, torí èmi nìkan ni mò ń rín tèmi.

Ìdí tí mo fi kúrò nílé kò gùn. Ọkọ mi gbé obìnrin kan wọlé, ó ní ó mọ ọbẹ̀ sè jù mí lọ. Mo ní kó máa jẹun dáadáa. Mo di ẹrù mi.

Ìwé ni mò ń tà, èmi tí mo kúrò nílé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ bàbá mi. Ní Ṣómólú, ibi tí èèyàn bá yíjú sí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń dún. Wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà, wọ́n ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, wọ́n ń tẹ fọ́tò òkú tó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ bà jẹ́, wọ́n á jù ú sápá kan. Èyí tó bà jẹ́ yẹn ni mò ń rà. Mo ń tò ó, mo ń dì í, mo ń rù ú lọ bá àwọn ẹlẹ́pà àti àwọn oníbọ̀lì ní Fádèyí, kí wọ́n máa fi pọ́n ọjà wọn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan ra bọ̀lì lọ́wọ́ oníbàárà mi, ó ṣí i, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú bébà. Ó ti du ipò káńsẹ́lọ̀ rí, kò wọlé. Ó wo ara rẹ̀ títí, ó wá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bébà mìíràn pọ́n ọn." Ojú tì mí fún un, ẹ̀rín sì ń pa mí. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Bébà. Orúkọ yẹn ni mo kọ́kọ́ ní ní Èkó tí kì í ṣe Àgànyìn, mo sì dì í mú.

Yàrá kan ni mo gbà ní Bàrígà, nínú ilé kan tó ní àgbàlá, ẹ̀rọ omi, àti Ìyá Onílé. Ìyá Onílé, Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú. Wọ́n lè wà nínú pálọ̀ wọn pẹ̀lú rédíò tó ń pariwo, kí wọ́n sì mọ ẹni tó ń da omi nù lẹ́yìnkùlé. Ayálégbé kankan ò gbọ́dọ̀ gbọn aṣọ lójú wọn. Ayálégbé kankan ò gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa jẹ nǹkan. Mo bẹ̀rù wọn bí mo ṣe ń bẹ̀rù ìyá ọkọ mi, ṣùgbọ́n àwọn yìí kì í purọ́ mọ́ mi.

Ọdún tí mo dé, tí ọyẹ́ ń fẹ́, Màámi di àgbálùmọ̀ sínú àpò, wọ́n fi rán obìnrin kan tó ń ná ọjà gba ibodè. Wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Ó dé, Màámi."

"Ti ojúde wa ni o. Mi ò rà á lọ́jà."

Wọn ò tiẹ̀ ní láti sọ ọ́. Bàbá mi ló gbin igi náà sójúde ilé wa kí wọ́n tó bí mi. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìrìn, abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ bàbá mi sí lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin wọ́n. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Bàrígà, mo ń jẹ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ó kan débi tí ojú mi fi ń pa dé. Oje rẹ̀ lẹ ètè mi pọ̀, mi ò lè la ẹnu, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó kù ẹyọ kan, mo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di kóró. Mo fọ kóró náà. Ó ń dán bí bàtà pásítọ̀. Mi ò lè jù ú nù. Mo bu yẹ̀pẹ̀ sínú agolo mílíìkì, mo tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Kò hù. Mo bomi rin ín, kò hù. Mo bú u, kò hù. Ibà wá gbé mi dè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàìsàn láàárín ẹbí, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń jẹ. Èmi ń wo àjà ni. Mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, tí wọ́n ń jà lórí omi, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé mo wà nínú ilé. Mo rò ó pé tí mo bá kú, òórùn mi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ni ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn.

"Ìyá Bébà! Ṣé o ti kú ni? Mi ò gbọ́ ohùn ẹ látàárọ̀."

Ìyá Onílé ni. Wọ́n gbé ògì gbígbóná wá, wọ́n dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá títí mo fi mu ún tán, wọ́n sì ní kí n fọ abọ́ àwọn kí n tó dá a padà. Nígbà tí ara mi yá tí mo jáde, nǹkan kan ti yọrí nínú agolo mílíìkì. Ó ṣì dé èèpo kóró rẹ̀ sórí bíi fìlà. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Ibà ló fà á.

Nígbà tó ní ewé dáadáa, mo mú ọ̀bẹ, mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nítòsí ẹ̀rọ omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Rédíò pálọ̀ dákẹ́.

"Ìyá Bébà! Kí lò ń sin síbẹ̀ yẹn?"

"Mi ò sin nǹkan kan, mà. Àgbálùmọ̀ ni mo fẹ́ gbìn."

"Sórí ilẹ̀ mi?"

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí náà ni, mà. Kò ní dí ọ̀nà."

Wọ́n jáde sí mi. "Gbin ẹ̀fọ́. Gbin ata. Ṣé mo bá ẹni yàrá àárín jà nítorí ewédú tó gbìn? Ṣùgbọ́n igi! Igi á dúró lẹ́yìn tí mo bá kú. Lọ́jọ́ kan ọmọ ẹ á dé, á ní ìyá òun ló gbin igi ibí yìí, á máa bá àwọn ọmọ mi ṣẹjọ́ ilẹ̀."

"Mi ò lọ́mọ, mà."

"O ò tíì bí i ni. Wà á bí i. Ẹnu tó mú tó báyìí ò lè wà lásán kó má rí ẹni tó máa jogún ẹ̀."

Mi ò bínú. Òfin yẹn wà nílé wa náà. Àlejò tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀ dáko, àgbàdo ló máa gbìn, ẹ̀gẹ́ ló máa gbìn, ohun tí èèyàn ń hú kí ilẹ̀ tún ṣófo padà. Àlejò tó bá gbin igi, ó ń sọ fún onílẹ̀ pé òun ò lọ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mú ọ̀bẹ. Mo kàn fẹ́ dán an wò bóyá Èkó ò mọ̀ ọ́n ni. Èkó mọ̀ ọ́n.

"Fi sínú ike," Ìyá Onílé ní. "Ohun tó bá wà nínú ike, ẹrù ni. Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ, wà á rù ú."

Mo gba ike ọ̀dà ńlá kan lọ́wọ́ kunlékunlé. Mo gbé irin sínú iná, mo fi lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró sínú rẹ̀, mo gbé igi náà síbẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Tí mo bá ń kọjá, mo máa ń wò ó. Àwa méjèèjì, ẹrù ni wá.

Ó ń dàgbà. Èmi náà ń dàgbà. Mo ní ìsọ̀ báyìí, kì í ṣe orí nìkan ni mo fi ń ta bébà mọ́. Àwọn atẹ̀wé ń pa ọjà mọ́ dè mí. Lọ́jọ́ kan ní Fádèyí, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè wá bi mí lọ́nà Igbóbì, mo júwe fún un, ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Àwọn ará Èkó yìí, wọ́n ń yára sọ̀rọ̀ jù." Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mo pe Màámi nírọ̀lẹ́ láti ròyìn fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Ohùn rẹ ti yí padà," ni wọ́n sọ. "Lánàá tó o bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ó bi mí pé ará ibo nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà ò dùn mọ́. Níbí, ohùn mi ni wọ́n fi mọ̀ pé èmi kì í ṣe tiwọn. Nílé, ohùn mi ni wọ́n fi mọ̀ pé èmi kì í ṣe tiwọn mọ́. Ibo wá ni ohùn náà ti ń jẹ́ tèmi? Lẹ́bàá ike ọ̀dà, níbi tí kò sí ẹni tó ń dá mi lóhùn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Màámi pè ní àkókò tí wọn kì í pè.

"Wọ́n ti gé e."

"Kí ni wọ́n gé?"

"Igi bàbá rẹ. Àwọn onílẹ̀ ní àwọn fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójúde."

"Onílẹ̀ wo? Ṣebí àwa la ni ilẹ̀?"

"Ìtàn yẹn gùn. Owó orí fóònù mi ń tán lọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Tìẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà, Màámi."

"Nínú ike náà?"

"Nínú ike ni."

"Ike kì í ṣe ilẹ̀, ọmọ mi. Òun nìkan ló kù. Má jẹ̀ẹ́ kó kú sínú ike."

Látìgbà náà, tí wọ́n bá pè, igi ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó béèrè èmi. Ó ti ga jù mí lọ nígbà náà, mo sì mọ̀ pé ike ò lè gbà á mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ kiri fún un bí ẹni ń wá yàrá fún ẹ̀gbọ́n tó ti abúlé dé. Mo bi pásítọ̀ kan. Ó ní wọ́n ti fi kọnkéré dí gbogbo ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nítorí mọ́tò àwọn ọmọ ìjọ. Mo bi lẹ́mọ́mù àdúgbò. Ó ní kí n gbàdúrà. Mo gbàdúrà. Mi ò tún bi Ìyá Onílé. Mo ti gbọ́ èsì tiwọn.

Òjò ọdún yẹn wọlé bá wa. Omi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì mi, ó sọ ìdì bébà kan di ògì. Ọmọ Ìyá Onílé tó ń gbé ní Ìkòròdú wá, ó wo àgbàlá, ó ní àwọn máa gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè, àwọn á sì da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí òjò dá, bíríkìlà dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Mo ti sọ fún ara mi pé màá gbé ike náà sẹ́nu ọ̀nà mi títí màá fi rí nǹkan ṣe. Wọ́n da kọnkéré bọ̀ láti ìloro títí wọ́n fi dé ẹ̀rọ omi.

"Àǹtí, ẹ bá wa gbé ike yín."

Mo dì í mú, mo fà á. Kò mira.

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni?" Bíríkìlà ń rẹ́rìn-ín. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó dì í mú, ó fà á. Ọrùn rẹ̀ wú.

"Ṣé ẹ̀yin náà ò tíì jẹun ni?" ni mo bi í.

Àwọn èèyàn rẹ̀ pariwo ẹ̀rín. Inú bí i, ó ki ṣọ́bìrì bọ abẹ́ ike, ó tì í, ike náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Nígbà tó máa dìde, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Igi yín ti wọlẹ̀ o, Àǹtí."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò kan, ó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, ti gba ihò tí mo lù jáde, ó ti wọ ilẹ̀ Ìyá Onílé lọ. Gbogbo àràárọ̀ ni mò ń gbá ìdí ike yẹn. Mi ò rí nǹkan kan. Bó ṣe ń dàgbà yẹn, mo kàn rò pé ọwọ́ mi ló dára sí i.

"Kí n gé e níbẹ̀?" Àdá ti wà lọ́wọ́ bíríkìlà. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

Mo mọ̀ pé tó bá gé e, ó kú nìyẹn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi tí gbogbo àdúgbò ń pariwo rẹ̀ ò là. Rédíò pálọ̀ dákẹ́.

Ìyá Onílé jáde. Wọ́n fi ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ike náà pẹ́.

"Ìyá Bébà."

"Mà."

"Mo ní kó o fi sínú ike."

"Inú ike náà ló wà, mà."

"Èyí wá ńkọ́?"

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi, mà. Ihò tí omi ń gbà jáde, ibẹ̀ ló gbà."

"Láìtọrọ àyè."

"Láìtọrọ àyè, mà."

"Mọ́mì, kọnkéré ń gbẹ o," ni bíríkìlà wí.

"Jẹ́ kó gbẹ! Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Wọ́n dojú páànù kan dé, wọ́n jókòó lé e lórí. Wọ́n ń wo igi náà, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń rí. "Nígbà tí èmi àti ọkọ mi dé ibí, ẹrẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbìn, síbi tí ẹ̀rọ omi yẹn wà gan-an. Àwọn ọmọ onílẹ̀ dé, wọ́n hú u lójú mi. Wọ́n ní ta ló ní kí ará Ìjẹ̀bú wá máa gbin nǹkan. A sì ti ra ilẹ̀ náà o. Mo sunkún ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe sunkún ọkọ mi lọ."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ wọn, ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe lójú wọn.

"Bíríkìlà, fi àyè sílẹ̀ yí i ká. Fẹ̀ ẹ́. Ìyá Bébà, mú ọ̀bẹ wá."

Èmi àti bíríkìlà gé ike náà kúrò lára rẹ̀. Ìyá Onílé bu yẹ̀pẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́, wọ́n dà á sí ìdí rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Gbogbo yín rí i. Èmi ni mo gbìn ín. Igi mi ni. Ìyá Bébà kàn ń bomi rin ín ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ ẹ ò gbọ́dọ̀ wá bá àwọn ọmọ mi ṣẹjọ́."

"Mi ò lọ́mọ, mà."

"Tó o bá bí i, sọ fún un."

"Tí igi náà bá so ńkọ́, mà?"

"Ṣé èmi nìkan lè jẹ ẹ́ tán ni?"

Mo wọ yàrá mi, mo pe Màámi. Mo ní ó ti wọlẹ̀. Mo ní ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi mọ́, onílé ló gbìn ín. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn látìgbà tí wọ́n ti gé igi ilé.

"Bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá rẹ náà nìyẹn. Ìséyìn ni bàbá rẹ ti wá, àlejò ni ní Kétu níbí. Ìwọ nìkan ni kò mọ̀, torí o ò tíì dáyé. Baálé ìgbà yẹn ló bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sí i, ó ní igi òun ni. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá gé e yìí."

Gbogbo ìgbà tí mò ń yangàn fún àwọn ará Bàrígà pé mo ní ilé tèmi lọ́hùn-ún, ọmọ àlejò ni mí níbẹ̀ náà.

"Ta ló jẹ àgbálùmọ̀ náà?" Màámi bi mí. "Ṣé baálé ni àbí ìwọ?"

"Èmi ni."

"Ó tán nìyẹn. Lọ fún igi obìnrin náà lómi."

Màámi ò rí èso rẹ̀. Wọ́n kú kí ọyẹ́ tó dé. Mo lọ sin wọ́n, mo sì pẹ́ nílé ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ sójúde wa, fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ ohùn mi, ó bi mí bóyá Èkó ni mo ti wá.

Ẹ̀rùn ti mú nígbà tí mo padà dé Bàrígà. Lójú ọ̀nà, mo ti gbà pé ewé rẹ̀ á ti rọ, torí kò sí ẹni tí mo fi síṣẹ́. Mo ṣí géètì. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ tutù. Ó ti yọ ewé tuntun, abẹ́ ewé náà pọ́n bí idẹ. Ìyá Onílé dúró tì í pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, wọ́n wo aṣọ dúdú ọrùn mi.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Kú ìrìn, ọmọ mi. Kú ara fẹ́ra kù." Wọ́n gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. "Mo bá ẹ fún igi ẹ lómi."

Wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, pé "igi ẹ" ni wọ́n pè é. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n yíjú, wọ́n yára wọ pálọ̀ lọ, wọ́n sì tan rédíò sókè. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mi ò sọ nǹkan kan. Mo mú kẹ́tùlù náà, mo da èyí tó kù nínú rẹ̀ sídìí igi.